Oògùn oorun nínú bààlúù: ṣé kí Màmá lo Piriton láti Èkó dé Atlanta?

Bàbá Ìkókó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Ìyàwó mi bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn níbí ní Atlanta, Màmá mi sì ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ. Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n, Àbújá ni ibi tó jìnnà jù tí wọ́n ti wọ bààlúù dé rí. Èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí méjìlá lókè láìbà síbì kankan, alẹ́ ló sì máa gbéra.

Ẹ̀rù ìrìn náà ń bà wọ́n. Wọ́n ní tí àwọn bá ti lè sùn fọnfọn, kí àwọn lajú kí àwọn bá ara àwọn níwájú ọmọ, ó parí. Àbúrò mi obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ní Ṣùúrùlérè ní Piriton méjì ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á fi Piriton sílẹ̀, Lexotan, oògùn tó ń fọkàn ẹni balẹ̀, ni kí wọ́n lò. Màmá fúnra wọn ní àwọn ò fẹ́ oògùn òyìnbó kankan, àgbo ni àwọn máa mu kí àwọn tó jáde nílé. Wọ́n ń lo Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú òbí yín wá rí, kí lẹ ṣe?

Ìyá Ìbejì Houston
Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí.

Kí n sọ tèmi. Èkó sí Frankfurt, Frankfurt sí Houston. Mo ra oògùn oorun kan tí wọ́n ń tà láìbéèrè ìwé dókítà. Mo lo méjì, mo tún gba wáìnì pupa mọ́ ọn nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ọ̀fẹ́ ṣáà ni. Mo sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Èkó sí Frankfurt ò ju wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ lọ, oògùn náà ò sì tíì ṣe tán pẹ̀lú mi nígbà tí wọ́n ní ká máa sọ̀kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá bàtà mi lábẹ́ àga. Mo wá a, mo wá a. Obìnrin òyìnbó tó jókòó tì mí ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi: tọ̀tún tòsì, mo wọ̀ wọ́n!

Nínú pápákọ̀ náà ńkọ́? Mò ń wo nọ́ńbà géètì lára ògiri, nọ́ńbà ò wọ orí. Mo jókòó, mo dìde, mo tún padà síbi tí mo ti dìde. Ọmọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ìdọ̀tí kọjá ló kí mi ní Yorùbá pé, “Màámi, ṣé kò sí o?” Òun ló mú mi dé géètì, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ẹni ọdún 44 ni mí nígbà yẹn, mo sì mọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá ro ti Màmá.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀.

Piriton, ìyẹn chlorpheniramine, oògùn ara yíyún àti kátá ni. Oorun tó ń mú wá kàn ń bá a rìn ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é. Ọmọ ìyá kan náà lòun àti Phenergan, àti diphenhydramine tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn oorun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà (mo fura pé òun ni Ìyá Ìbejì lò). Ara ọ̀dọ́ lè fara dà á, àmọ́ ara àgbà kì í tètè fọ̀ ọ́ dànù. Á gbẹ ẹnu wọn, á dí ìgbẹ́ mọ́ wọn nínú, á dá ìtọ̀ dúró fún àwọn bàbá tí próstéètì ń yọ lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni pé ó ń da orí àgbàlagbà rú: wọ́n á jí, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á máa wá ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn bààlúù kì í sì í ṣe ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ń fẹ́ kí àgbàlagbà máa wá.

Àwọn dókítà arúgbó ní Amẹ́ríkà ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Beers, tó ń ka oògùn tó yẹ kí ẹni tó ti pé ọdún 65 sá fún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ yìí wà níbẹ̀. Valium àti àwọn ẹbí ẹ̀, irú Lexotan, náà wà níbẹ̀, torí wọ́n máa ń gbé àgbà ṣubú. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé mo kí wọn, ṣùgbọ́n rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Ambien, oògùn oorun tí dókítà ń kọ, ló kù. Ní 2013, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn obìnrin dín in kù láti mílígíráàmù 10 sí 5, nítorí ó ṣì máa ń wà lára wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní 2019, wọ́n tún lẹ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ mọ́ ọn, pé àwọn kan ń dìde rìn lójú oorun, àwọn kan tiẹ̀ ń wakọ̀. Ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún gbọ́dọ̀ ní wákàtí méje sí mẹ́jọ gbáko níwájú kó tó gbé e mì. Ẹ yọ àkókò oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ kúrò nínú wákàtí méjìlá yẹn, ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù.

Ti wáìnì: afẹ́fẹ́ inú bààlúù fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó lè ga tó mítà 2,400. Jos ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ẹ̀ lọ. Ní 2024, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gbé èsì ìwádìí jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le mu ọtí, kí wọ́n sì sùn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ dà bíi ti bààlúù. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀ sí nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ 95 sókè ló yẹ kó wà. Wọn ò tíì fi oògùn oorun mọ́ ọn o.

Ọmọ Olúbàdàn
Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ Toronto, Piriton kan ṣoṣo ni mò ń lò, mo ń sùn bí ìkókó.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ọmọ ọdún mélòó ni yín?

Ọmọ Olúbàdàn
36.

Apòògùn Mọ́kọ́lá
Ẹ sùn dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ melatonin. Ara wa fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bí ẹni tó ń lu agogo pé ó tó àkókò oorun. Kì í gbá èèyàn lulẹ̀ bíi Piriton, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Níbí ní UK, ìwé dókítà lẹ fi ń rà á. Ní Amẹ́ríkà, orí káńtà ló wà bíi súìtì, torí wọ́n kà á mọ́ àfikún oúnjẹ, wọn ò kà á mọ́ oògùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ní 2023, àwọn olùwádìí ra oríṣi 25 nínú èyí tí wọ́n ń ṣe bíi súìtì yẹn, wọ́n wọn ohun tó wà nínú ẹ̀: 22 ni iye inú ẹ̀ kò bá ti ara páálí mu. Ọ̀kan ò tiẹ̀ ní melatonin kankan nínú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, láti 0.5 sí 5 mílígíráàmù ti tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta 10 fún yín. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí melatonin mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó bá ara wa to aago ìlú tuntun. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ò ní aago kankan láti tò: nígbà ooru, aago kan náà la jọ ń lò, nígbà òtútù, wákàtí kan péré ló wà láàárín wa. Àìsùn lásán ló ń ṣe ẹni tó bá rẹ̀. Atlanta yàtọ̀. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́yìn Èkó nígbà ooru, mẹ́fà nígbà òtútù. Tó bá di aago mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán lọ́dọ̀ yín, ara Màmá á máa sọ fún wọn pé alẹ́ ti lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ mú wọn jáde sínú oòrùn, ẹ fi ọ̀rọ̀ dá wọn dúró títí di aago mẹ́jọ alẹ́.

Kí n tó gbàgbé: oògùnkóògùn tẹ́nikẹ́ni bá fẹ́ lò nínú bààlúù, kó kọ́kọ́ lò ó nílé, lóru ọjọ́ tí kò ní ibì kankan lọ láàárọ̀. Òkè òfuurufú kọ́ ló yẹ kéèyàn ti máa mọ ohun tí oògùn máa ṣe fún un.

Ìyá Tòlú
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ mi pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, à ń lọ sílé fún Kérésì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fún un ní Phenergan olómi kó lè sùn. Ṣíbí mélòó?

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ìyá Tòlú, ẹ má fún un. Òdo ṣíbí. Láti 2004 ni FDA ti fi ìkìlọ̀ tó lágbára jù sí i pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ lò ó, torí èémí àwọn ọmọ kan dáwọ́ dúró. Wọ́n kú. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Àjọkẹ́ Maryland
Àwọn tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, ó lè yí padà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹnì kan fún ọmọ ẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún nínú ọkọ̀ tá a jọ wọ̀. Dípò kí ojú ọmọ kún fún oorun, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n tanná sí i lára. Orí àga ló ń gùn láti Accra títí dé Washington. Ìyá ẹ̀ ló sùn.

Bàbá Peckham
Ọmọ mi, tèmi ò jẹ mọ́ orí, ẹsẹ̀ ni. Ní 2016, mò ń ti ilé bọ̀, mo lo oògùn oorun, mo fi ara ti fèrèsé, mi ò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo jókòó síbẹ̀ bí àpò gààrí. Ọjọ́ kẹta tí mo délé, ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ òsì mi wú, ó gbóná, tí mo bá fọwọ́ kàn án ó ń dùn mí dé egungun. Mo fi róòbù pa á! Ọmọ mi obìnrin ló fipá gbé mi lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan. Abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń gbà, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi lo oògùn.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti wádìí ẹ̀: ìrìn tó bá lé ní wákàtí mẹ́rin lórí ìjókòó ń sọ ewu yẹn di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Kò pọ̀ o, bí ẹnì kan nínú 6,000 ni. Ṣùgbọ́n oògùn oorun ló so mí mọ́lẹ̀ tí mo fi di ẹnì kan yẹn. Ẹni tí oorun tirẹ̀ ń gbé ṣì máa ń yí sọ́tùn-ún sósì, ó máa ń jí lọ tọ̀. Ẹni tí oògùn gbé kì í yí. Ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀ fún Màmá, èyí tó dé orúnkún, kó o sì bèèrè ìwọ̀n wọn kó o tó rà á.

Ará Dubai
Ní ṣókí: ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ bá máa gba ọ̀dọ̀ wa níbí, Valium, Lexotan, oògùn ikọ́ oníkódéènì, gbogbo wọn ló nílò ìyọ̀ǹda ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbéra. “Oògùn ìyá mi ni” kì í ṣe àlàyé níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Nínú páálí tí wọ́n fi tà á ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà, pẹ̀lú ìwé dókítà.

Bàbá Ìkókó
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti pe ilé, Piriton àti Lexotan ti kúrò nílẹ̀. Àgbo ló kù. Màmá ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ju gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ lọ, pé bàbá àwọn lò ó. Wọ́n ní òyìnbó ò lè dí àwọn lọ́wọ́ omi gbòǹgbò.

Ọmọ Eléwéọmọ
Háà! Asofẹ́yẹjẹ kẹ̀! Ẹ dá wọn dúró.

Ìyá mi ta ewé ní Bódìjà fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ má rò pé mo ń bú egbòogi. Ó ń ṣiṣẹ́, ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Asofẹ́yẹjẹ ni àwọn adáhunṣe fi ń mú wèrè tó ń jà rọlẹ̀, tí wọ́n fi ń mú un sùn ọjọ́ méjì. Ohun tó wà nínú gbòǹgbò ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní reserpine. Ara ìbátan ẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1952, àwọn dókítà òyìnbó sì lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ ti gbọ́ mi? Ẹ̀jẹ̀ ríru. Màmá á mu Amlodipine, wọ́n á mu asofẹ́yẹjẹ lé e, méjèèjì á jọ fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n á dìde láti lọ tọ̀ ní aago méjì òru, òòyì á gbé wọn. Kò sì sẹ́ni tó ń wọn asofẹ́yẹjẹ ní mílígíráàmù, ọwọ́ ẹni tó sè é ni.

Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ eléwé ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òyìnbó. Wọ́n lè gbọ́.

Ìbéèrè kan sì tún wà. Ṣé wọ́n máa ń jẹ obì?

Bàbá Ìkókó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Lójoojúmọ́! Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ gan-an ni wọ́n ń fẹ́ràn ẹ̀. Àbúrò mi ní wọ́n ti ra gbàǹja ọ̀ọ́dúnrún náírà sínú báàgì pé inú ọkọ̀ ni àwọn á ti máa jẹ ẹ́ kí ẹnu má baà pa àwọn.

Ọmọ Eléwéọmọ
Ẹ ò rí nǹkan. Ohun tó wà nínú kọfí tó ń lé oorun lọ, òun náà ló wà nínú obì. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́dẹ fi ń jẹ ẹ́ ṣọ́ ilé. Ẹ ń wá oògùn oorun fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ lé oorun sá. Kí wọ́n má fẹnu kàn án láti ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra.

Àjọkẹ́ Maryland
Mo ti mú ìyá ọkọ mi wá lẹ́ẹ̀mejì, kò sí hóró oògùn kan. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ṣáájú pé ẹ ń fẹ́ àga onítáyà fún wọn ní pápákọ̀. Tiwa kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ta ló yarọ. Nígbà tí wọ́n rí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń tì wọ́n kọjá níwájú gbogbo èèyàn tó tò lórí ìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́. Ẹ gba àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún wọn, kì í ṣe ti fèrèsé, nítorí ilé ìtọ̀. Kí wọ́n mú ìró àti ìborùn tiwọn dání, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pín. Orí ìró yẹn sì ni kí bẹ́líìtì wà, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀, torí tí ọkọ̀ bá ń mì, àwọn òṣìṣẹ́ á wá wò bóyá èèyàn ti dè é. Tí wọn ò bá rí i, wọ́n á jí i.

Oúnjẹ ọjọ́ náà: kì í ṣe ẹ̀wà, kì í ṣe àkàrà. Afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń fẹ̀ sí i lókè. Ìyá ọkọ mi jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta kí wọ́n tó gbéra nígbà àkọ́kọ́, gbogbo òru ni wọ́n fi ń pe orúkọ Jésù. Kí wọ́n máa mu omi, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù fún wọn ni pé mo gba ohùn ọkọ mi sílẹ̀ sórí fóònù, ó ń sọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: “Màámi, ẹ máa gbọ́ ariwo kan báyìí, táyà ló ń wọlé, kò sí nǹkan.” Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ló ń dí oorun wọn lọ́wọ́.

Bàbá Ìkókó
Èyí wọ̀ mí lára o. Mo máa gba ohùn tèmi sílẹ̀ lálẹ́ òní.

Bàbá Ìkókó *(lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)*
Ẹ̀yin ará, Màmá ti dé o! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Kò sí Piriton, kò sí àgbo. Orúkọ ọmọ eléwé ṣiṣẹ́ ju orúkọ dókítà lọ, wọ́n ní tó bá jẹ́ ọmọ eléwé ló sọ ọ́, ó mọ nǹkan tó ń sọ. Ti obì nìkan la jà lé. Wọ́n gbà láti má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti fi sílẹ̀ nílé, wọ́n sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù níbí, ìyẹn sì wò ó, ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní àwọn sùn bíi wákàtí mẹ́rin, àwọn gbàdúrà méjì, ìyókù àwọn ń wo ọ̀gá kan tó ń hanrun níwájú àwọn. Wọ́n gbọ́ ohùn mi lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Ẹsẹ̀ wọn ò wú.

Àmọ́ aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán ló lù báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bojú wo pálọ̀, wọ́n ti nà gbalaja sórí àga. Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n jí wọn lóòótọ́? Ó ń ṣe mí láàánú.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ẹ jí wọn. Ẹ má pe orúkọ wọn, ẹ kàn lọ gbé ọmọ lé wọn láyà.